Ojú-Ewé Ìṣàkóso NAS Tó Ti Pẹ́ Kò Ṣí Mọ́: Ibi Tí Ẹ Ó Ti Bẹ̀rẹ̀

NAS ni àpótí tí ẹ ń kó fáìlì gbogbo ilé pamọ́ sí. Ojú-ewé tí ẹ fi ń darí rẹ̀ nínú bráúsà kì í ṣe ibi tí fáìlì wà. Ètò kékeré kan ni, ó ń dá ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀, ó sì lè dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta kí fáìlì má mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ohun tó máa ń ba fáìlì jẹ́ nírú àsìkò yìí ni ìkánjú onílé: ojú-ewé kò ṣí, ló bá tẹ bọ́tìnì reset mọ́lẹ̀ títí ó fi dún lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kó yọ dísíìkì kan síta pé òun fẹ́ tún un kì bọ ibẹ̀ dáadáa. Ìdí nìyí tí a fi to ìgbésẹ̀ wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí kò lè pa nǹkan kan lára. Reset ló kẹ́yìn pátápátá.

Nínú gbogbo àpẹẹrẹ, 192.168.1.50 ni a ó máa pè ní àdírẹ́sì NAS. Ẹ fi ti yín rọ́pò rẹ̀.

1. Ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì jáde

Ẹ gbìyànjú láti ṣí àpò fáìlì náà bí ẹ ṣe máa ń ṣí i tẹ́lẹ̀, láì gba inú bráúsà. Lórí Windows, ẹ tẹ `\\192.168.1.50` sínú àpótí àdírẹ́sì File Explorer. Lórí Mac, ẹ lọ sí Finder, ẹ tẹ Command àti K pọ̀, kí ẹ sì kọ `smb://192.168.1.50`. Bó bá ṣí, ẹ má tíì ṣe ohunkóhun mìíràn. Ẹ so dísíìkì ìta mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì kó àwọn ohun tí kò ní ẹ̀dà kejì níbòmíràn: fọ́tò, ìwé, àkọsílẹ̀ owó. Fíìmù lè dúró dìgbà tó bá yá.

Bí Windows bá ní òun kò rí i, kò túmọ̀ sí pé àpò náà ti kú. Ọ̀pọ̀ NAS àtijọ́ kò gbọ́ èdè míì ju SMB1 lọ (èdè àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń bá NAS pín fáìlì), Windows 10 kì í sì í wá pẹ̀lú SMB1 fúnra rẹ̀ mọ́ láti ìgbà ẹ̀dà 1709 ní ọdún 2017. Bí FTP tàbí SFTP (ọ̀nà mìíràn láti kó fáìlì) bá wà ní títàn lórí NAS, ẹ gba ibẹ̀ kó wọn.

Bí ẹ bá gbọ́ dísíìkì tó ń dún kà, kà, kà, tó ń dákẹ́, tó tún ń bẹ̀rẹ̀, àwọn fáìlì kékeré tó ṣe pàtàkì jù ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kí ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò gígùn lórí dísíìkì náà. Iṣẹ́ àṣekára ni àyẹ̀wò yẹn, dísíìkì tó ń kú lọ lè máà parí rẹ̀.

2. Ṣé ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ló ṣì wà?

Ẹ wo iná kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọ̀. Bí kò bá tàn, ẹ pààrọ̀ wáyà, lẹ́yìn náà ẹ pààrọ̀ ihò tó wà lára ráútà. Bó bá tàn, ẹ ṣí terminal (fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà) kí ẹ tẹ:

`ping 192.168.1.50`

Bí ó bá dáhùn, ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ kẹta. Bí kò bá dáhùn, ó ṣeé ṣe kí ráútà ti fún un ní àdírẹ́sì mìíràn, pàápàá bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ráútà. Ẹ wọ inú ráútà, kí ẹ wo orúkọ gbogbo ohun tó so mọ́ ọn. Ẹ fi nọ́ńbà MAC (nọ́ńbà ìdánimọ̀ NAS lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tó wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tàbí ìsàlẹ̀ NAS wé ohun tí ẹ rí níbẹ̀. Bí NAS yín bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Synology tàbí QNAP, ètò wọn, Synology Assistant àti Qfinder Pro, náà máa ń wá àpótí ilé-iṣẹ́ wọn rí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Bí àdírẹ́sì tí ẹ rí bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, NAS ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò rí ráútà tó máa fún un ní àdírẹ́sì. Wáyà tàbí ráútà ni kí ẹ tún wò. Nígbà tí ẹ bá ti rí i, ẹ sọ fún ráútà kó fi àdírẹ́sì kan pamọ́ fún nọ́ńbà MAC yẹn, kó má baà tún ṣí kúrò.

3. Ẹ ka ohun tí bráúsà ń sọ

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sá eré kọjá. Gbogbo àṣìṣe ni wọ́n ń pè ní "kò ṣí", bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín wọn.

Kí ẹ tó dá NAS lẹ́bi, ẹ rí i dájú pé pọ́ọ̀tù tí ẹ kọ tọ́ (nọ́ńbà ilẹ̀kùn tó ń tẹ̀lé àdírẹ́sì lẹ́yìn àmì ":"). Bí kò bá sí ẹni tó yí i padà, Synology máa ń lo 5000 fún http àti 5001 fún https. QNAP máa ń lo 8080 fún http àti 443 fún https. OpenMediaVault àti TrueNAS, ètò NAS tí ènìyàn lè fi sórí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ń lo 80 àti 443. Ẹ kọ "http://" ṣáájú fúnra yín, nítorí bráúsà òde òní máa ń fẹ́ sọ ọ́ di https láì béèrè lọ́wọ́ yín. Ohun tó dára jù ni kí ẹ yọ bráúsà kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà pátápátá, kí ẹ tẹ èyí sínú terminal:

`curl -vk http://192.168.1.50:5000`

Bó bá sọ pé "Connection refused", NAS gbọ́ yín ó sì kọ̀: kò sí ètò kankan tó ń tẹ́tí lórí pọ́ọ̀tù náà. Ó lè jẹ́ pé ètò tó ń gbé ojú-ewé jáde ti kú, tàbí pé wọ́n ti gbé e lọ sí pọ́ọ̀tù mìíràn. Bó bá dúró pẹ́ tó wá sọ "timed out", bẹ́ẹ̀ NAS ń dáhùn ping, ó ṣeé ṣe kí firewall (ètò tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ti dí ojú ọ̀nà yín. NAS fúnra rẹ̀ lè ti fi àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà yín sínú àwọn tó dí pa nítorí ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ ti ń kọ ní àṣìkọ. Ẹ fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn gbìyànjú kí ẹ tó ronú síwájú sí i.

Bí ẹ bá rí "502 Bad Gateway", inú yín lè dùn díẹ̀: nginx, ètò tó ń gba ìbéèrè bráúsà, wà láàyè, ètò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló kú. Ìgbésẹ̀ keje ni tiyín. Bí ojú-ewé bá funfun gbòò, tàbí tó ń yí láì dé ibì kan, ẹ ṣí i nínú fèrèsé àdáni bráúsà. Lẹ́yìn ìmúdójúìwọ̀n, àwọn fáìlì àtijọ́ tí bráúsà ti fi pamọ́ máa ń bá tuntun jà. Bó bá jẹ́ pé apá kan ojú-ewé náà ń béèrè Flash, ẹ má wulẹ̀ wá a kiri: Adobe parí iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020, ó sì dẹ́kun ṣíṣiṣẹ́ láti ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 2021.

4. Bí bráúsà bá kọ̀ nítorí TLS

Èyí ni àìsàn NAS àgbà gan-an. TLS ni ìpàrokò tó wà lẹ́yìn https. Ní ọdún 2020, Chrome àti Firefox pa ẹ̀dà rẹ̀ àtijọ́, TLS 1.0 àti 1.1, tì. NAS tí firmware rẹ̀ (ètò tó wà nínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́) kò mọ TLS 1.2 kò yí padà rárá, bráúsà ló kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Nínú Firefox ẹ ó rí `SSL_ERROR_UNSUPPORTED_VERSION`, nínú Chrome ẹ ó rí `ERR_SSL_VERSION_OR_CIPHER_MISMATCH`. Ìkìlọ̀ pé ìwé-ẹ̀rí ti kọjá ọjọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí: ìyẹn ṣì ní bọ́tìnì tí ẹ lè tẹ̀ láti kọjá. Ti TLS kò ní.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, a sì tò wọ́n bí a ṣe fẹ́ràn wọn tó.

Àkọ́kọ́, ẹ gba http lásán wọlé bí NAS bá gbà á, nínú ilé yín nìkan. Lẹ́yìn tí ẹ bá wọlé, ẹ wá ìmúdójúìwọ̀n tó ní TLS 1.2.

Èkejì, ẹ gba inú SSH kọjá, ìyẹn ọ̀nà tó ní ààbò láti wọ inú NAS nípa títẹ àṣẹ. Bí SSH bá wà ní títàn, ẹ tẹ:

`ssh -L 8000:127.0.0.1:5000 admin@192.168.1.50`

Ẹ jẹ́ kí fèrèsé náà wà ní ṣíṣí, kí ẹ sì lọ sí `http://localhost:8000` nínú bráúsà. SSH ló ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ yín lójú ọ̀nà, TLS kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Kò ní ṣiṣẹ́ bí NAS bá ń fi tipátipá darí gbogbo ènìyàn sí https.

Ẹ̀kẹta, Firefox ṣì fi àyè sílẹ̀. Ẹ lọ sí `about:profiles`, ẹ dá profile tuntun sílẹ̀ fún NAS yìí nìkan. Nínú rẹ̀, ẹ lọ sí `about:config`, ẹ wá `security.tls.version.min`, kí ẹ sì yí 3 tó wà níbẹ̀ sí 1. Ẹ má ṣe é nínú Firefox tí ẹ fi ń wọ báǹkì, nítorí ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún gbogbo ojú-ewé ayé nìyẹn. Bí àṣìṣe náà bá wá yí sí `SSL_ERROR_NO_CYPHER_OVERLAP`, NAS náà ń lo ọ̀nà ìpàrokò bíi RC4 tí àwọn bráúsà ti yọ kúrò láti ọdún 2016. Kò sí ohun tí ẹ máa yí nínú Firefox tó máa gbà á padà, ẹ lo ọ̀nà kejì.

5. Wíwọlé láti ẹ̀yìn

Láti ibí lọ, ẹ nílò SSH. SSH òde òní náà máa ń kọ àgbà. Bó bá sọ "no matching key exchange method" tàbí "no matching host key type", ẹ fi èyí pè é:

`ssh -oKexAlgorithms=+diffie-hellman-group1-sha1 -oHostKeyAlgorithms=+ssh-rsa admin@192.168.1.50`

OpenSSH 8.8 tó jáde ní 2021 ló pa irú ssh-rsa àtijọ́ náà. Bí SSH kò bá sí rárá, tí NAS yín sì ní ihò fún ojú ìwòran, ẹ so ojú ìwòran àti kíbọ́ọ̀dù mọ́ ọn.

6. Ó gba ọ̀rọ̀ aṣínà, ó tún dá yín padà

Ẹ kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà, ojú-ewé yí díẹ̀, ó sì tún béèrè wọn láì sọ pé ẹ ṣìkọ. Ohun méjì ló sábà máa ń fa èyí, ọ̀rọ̀ aṣínà kò sì sí lára wọn.

Èkíní ni pé àyè tí ètò NAS fúnra rẹ̀ ń gbé ti kún. Ẹ tẹ `df -h`. Ẹ lè rí irú èyí:

`/dev/md0   2.3G   2.3G   0      100%   /`
`/dev/md2   5.4T   3.1T   2.3T   58%    /volume1`

Ẹni tó bá wo ìlà kejì máa sọ pé àyè ṣì pọ̀ rẹpẹtẹ. Ìlà àkọ́kọ́ ni kí ẹ wò. Ibẹ̀ ni ètò ń gbé, kò sì ju gígábáìtì díẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹ bá wọlé, ètò náà ní láti kọ fáìlì pélébé kan tó sọ pé ẹ ti wọlé. Kò rí ibi kọ ọ́ sí, nítorí náà ó gbàgbé yín lójú ẹsẹ̀. Lórí QNAP, ìlà `/` sábà máa ń kún, kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ìlà `/mnt/HDA_ROOT` ni kí ẹ wò.

Ẹ wá ohun tó jẹ àyè:

`du -xk / | sort -n | tail -20`

Lẹ́tà x yẹn ló ń dá a dúró kó má wọ inú fáìlì yín. Ẹlẹ́ṣẹ̀ kan wà tó wọ́pọ̀ gan-an: iṣẹ́ ẹ̀dà ìpamọ́ tó yẹ kó máa kọ sórí dísíìkì USB. USB ti yọ, àmọ́ àpò tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ṣì wà níbẹ̀, iṣẹ́ náà sì ń da gbogbo rẹ̀ sórí ètò. Ẹlẹ́ṣẹ̀ kejì ni fáìlì àkọsílẹ̀ inú `/var/log`. Ẹ má fi `rm` pa á, nítorí ètò tó ń kọ ọ́ ṣì dì í mú, àyè rẹ̀ kò sì ní padà títí ètò náà yóò fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ tú inú rẹ̀ dà nù:

`: > /var/log/messages`

Bí `df -h` bá fi àyè hàn, tí àṣìṣe náà ṣì ń sọ pé àyè ti tán, ẹ tẹ `df -i`. Fáìlì kéékèèké tó pọ̀ jù lè jẹ nọ́ńbà fáìlì tán kí àyè tó tán.

Ohun kejì ni aago. Ẹ tẹ `date`. Bó bá ń sọ pé ọdún 1970 tàbí 2000 la wà, bátìrì ti kú lára bọ́ọ̀dù. NAS gbàgbé ọjọ́ ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, ó sì ń fún bráúsà ní àmì ìwọlé tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá tipẹ́. Lójú NAS, ìwé-ẹ̀rí á di èyí tí àkókò rẹ̀ kò tíì tó, kóòdù orí fóònù tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 kò sì ní bára mu láéláé. Ẹ fi `date -s` tún ọjọ́ ṣe, ẹ tẹ `hwclock -w` kó lè wọ inú bọ́ọ̀dù, kí ẹ sì tan NTP (ètò tó ń gba aago tó tọ́ láti íntánẹ́ẹ̀tì) pẹ̀lú `pool.ntp.org`. Bí NTP bá kọ̀, ẹ wò ó bóyá DNS inú NAS (ibi tó ti ń béèrè àdírẹ́sì orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì) ṣì ń tọ́ka sí ráútà tí ẹ ti gbé sọnù.

Bátìrì náà sábà máa ń jẹ́ CR2032, 3 V. Ẹ pa NAS, ẹ yọ wáyà iná kúrò lára rẹ̀ kí ẹ tó ṣí i. Ẹ ya fọ́tò bó ṣe dojú kọ kí ẹ tó yọ ọ́. Lórí àwọn bọ́ọ̀dù kan wọ́n jó o mọ́ ibẹ̀ ni, ẹ gbé ìyẹn lọ bá ẹni tó mọ irin jíjó.

7. Ó ń lọ bí ìgbín, tàbí ètò rẹ̀ ti kú

Ẹ tẹ `top`. Lórí NAS tí RAM rẹ̀ jẹ́ 256 tàbí 512 MB, ètò tó ń to fọ́tò àti orin nìkan lè gba gbogbo rẹ̀. Ẹ dá a dúró. Àmọ́ bí nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ `wa` bá ga, tí CPU kò sì ṣe nǹkan kan, dísíìkì ni gbogbo ènìyàn ń dúró dè. Ẹ tẹ:

`cat /proc/mdstat`

`[UU]` dára. `[U_]` túmọ̀ sí pé dísíìkì kan ti jáde kúrò nínú ẹgbẹ́. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má tún NAS bẹ̀rẹ̀ léraléra, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ `smartctl -a /dev/sda`, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún dísíìkì kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà 5, 197 àti 198 ń ka ibi tó ti bàjẹ́ lójú dísíìkì. Bí èyíkéyìí bá ń pọ̀ sí i láàárín ọjọ́ méjì, ẹ pààrọ̀ dísíìkì náà. Nọ́ńbà 199 yàtọ̀: wáyà tàbí ibi tí dísíìkì ti wọlé ló sábà máa ń fa ìyẹn. Kí ẹ tó yọ ohunkóhun, ẹ kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà nínú àbájáde yẹn sílẹ̀, nítorí `sda` lè máà jẹ́ èyí tó wà ní ihò àkọ́kọ́. Ẹni tó yọ èyí tó dára nínú `[U_]` ti mú èyí tó kù fún un kúrò.

Bí dísíìkì bá dára, ẹ tún ètò ojú-ewé bẹ̀rẹ̀ láì pa NAS:

Synology DSM 6 (DSM ni ètò inú Synology): `sudo synoservice --restart nginx`
Synology DSM 7: `sudo synosystemctl restart nginx`
QNAP: `/etc/init.d/thttpd.sh restart`
TrueNAS CORE: `service middlewared restart`, lẹ́yìn náà `service nginx restart`
OpenMediaVault: `omv-salt deploy run nginx phpfpm`

OpenMediaVault tún ní `omv-firstaid`, tó lè yí pọ́ọ̀tù àti ọ̀rọ̀ aṣínà ojú-ewé náà padà. Bí nginx bá kọ̀ láti dìde, `nginx -t` máa sọ fáìlì àti ìlà tí àṣìṣe wà.

8. Reset

Bí gbogbo ìyẹn bá kùnà, bọ́tìnì reset kù. Ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá pẹ̀lú aago, ẹ má fojú dá a. Lórí Synology, ẹ tẹ̀ ẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá 4, kó dún lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì yọwọ́. Ó máa dá ọ̀rọ̀ aṣínà admin, ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti pọ́ọ̀tù padà sí bí wọ́n ṣe wà láti ilé-iṣẹ́. Bí ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ètò náà máa fẹ́ kí ẹ tún fi DSM sí i. Lórí QNAP, ìṣẹ́jú-àáyá 3 àti ohùn kan jẹ́ reset kékeré. Ìṣẹ́jú-àáyá 10 àti ohùn méjì máa pa àwọn aṣàmúlò àti ètò gbogbo rẹ́. Lẹ́yìn reset, ọ̀rọ̀ aṣínà QNAP àtijọ́ á di `admin`. Lórí QTS tuntun (QTS ni ètò inú QNAP), nọ́ńbà MAC ni, ní lẹ́tà ńlá, láì sí àmì kankan láàárín rẹ̀.

Bí fáìlì yín bá wà lábẹ́ ìpàrokò, ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnì yìí títí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò fi wà lọ́wọ́ yín, níbì kan tí kì í ṣe orí NAS.

9. Lẹ́yìn tó bá ti ṣí

Ẹ lọ sínú ráútà, kí ẹ pa gbogbo ọ̀nà tó ń gbé ojú-ewé ìṣàkóso yìí jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì pa UPnP, tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ inú ilé ṣí ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fúnra wọn. Ní oṣù Kẹfà 2021, àwọn tó ní WD My Book Live, irú NAS kan, jí, wọ́n bá àpótí wọn lófìfo. Ìmúdójúìwọ̀n ìkẹyìn tí wọ́n rí gbà fún un jẹ́ ti 2015. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, DeadBolt, ètò burúkú tó ń ti fáìlì pa kó lè gba owó, ti fáìlì pa lórí àwọn QNAP tó dojú kọ íntánẹ́ẹ̀tì. NAS tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti fi sílẹ̀ ṣì lè wúlò fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ilé. Bí ẹ bá nílò rẹ̀ láti òde, ẹ gba inú VPN (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé) tó wà lórí ráútà.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ síbi tí NAS ti ń gbé ètò rẹ̀ jáde bíi fáìlì, ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì kọ àdírẹ́sì, pọ́ọ̀tù àti ẹ̀dà firmware sórí bébà tí ẹ ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí náà.